Bí A Ṣe Ja Ìjà Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìlá

Àgádágodo tí wọ́n fi ti ilé ìpọntí wa kò tóbi rárá. Òun gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ká ní wọ́n fi ńlá kan tì í ni, n bá mọ̀ pé wọ́n kà wá sí. Kékeré ni wọ́n mú wá, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ti àpótí oúnjẹ wọn, wọ́n fi há ilẹ̀kùn páànù náà bíi pé ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ̀ pé a kò ní í já a. Òótọ́ ló mọ̀, nítorí pé a kò já a.

Ìyá ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó dojú kọ ilẹ̀kùn náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n káwọ́ gbera. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àwọn sì ni olórí gbogbo obìnrin tó ń pọntí ní Ìlá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọtí òun dára, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé e wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá sún mọ́ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á yá ìkòkò kan, ká gbé e lọ sóko. Ta ni yóò mọ̀?"

Wọ́n wò mí bíi pé mo bú bàbá wọn.

"Ọtí tí a bá sá pamọ́ pọn, olè ni yóò mu ún," ni wọ́n wí. "Èmi ò bí olè, n kò sì ní í pọntí fún olè. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn yìí ni n ó dáná. Tí wọn ò bá ṣí i, kí n kú láìdáná mọ́."

Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìgbómìnà ìjìnlẹ̀ ni Màmá ń sọ, mo sì ti yí i sí Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Àwọn ọmọ tèmi tó wà l'Ékòó gan-an, tí ìyá wọn àgbà bá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fóònù, èmi ni wọ́n máa ń pè padà pé kí n wá túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò ìtumọ̀ létí mi. Obìnrin tó fi iṣẹ́ kan kọ́ ilé, tó fi tọ́ ọkọ mi dàgbà, ló jókòó níwájú mi tó ń sọ pé òun yóò fi ọwọ́ lẹ́rán títí òun yóò fi kú. Mo dìde, mo so ìró mi le. Mo ní nínú ara mi pé ilẹ̀kùn yìí yóò ṣí lójú ayé wọn, tí kì í bá ṣe pé mo kú ṣáájú.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n ní àwọn kan mu ọtí àdàlù níbì kan tó jìnnà sí wa, ó sì ṣe wọ́n léṣe. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa gbaná jẹ, wọ́n ṣòfin pé ọtí yòówù tí ènìyàn bá pọn nílé láti tà kò gbọ́dọ̀ lágbára ju ìwọ̀n méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n sì rán òṣìṣẹ́ wá ti ilé ìpọntí wa pa. Ìwọ̀n méjì! Bíà inú ìgò tó wà nínú fíríìjì gbogbo ilé ọtí tó yí gáréèjì ká ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọtí inú ọ̀rá tí àwọn ọlọ́kadà ń feyín já láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé tún ju bíà lọ fíìfíì. Kò sẹ́ni tó fi àgádágodo ti ìyẹn. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ní agbẹjọ́rò. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Àwa obìnrin tó ń fẹ́ná lẹ́yìnkùlé la jẹ́ ibi pẹlẹbẹ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àgbàdo la fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kó máa hó fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kì í dúró sójú kan mọ́. Ìkòkò kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọtí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó kù sí ìgbà tí o bá bù ú. Èyí tó kọ́kọ́ jáde máa ń dùn bí ìrèké. Ọtí ọmọdé là ń pè é nílé wa. Tó bá sùn, ó di ọtí àgbà, adùn díẹ̀, kíkan díẹ̀. Òun là ń tà. Tó bá tún sùn kọjá ibẹ̀, tí kò hó mọ́, tó kàn dákẹ́ sínú ìkòkò bí ọkùnrin tó ń bínú, ó ti di ọtí àlejò nìyẹn. A kì í ta á. Àlejò pàtàkì là ń gbé e fún, nítorí pé ẹni tó fi ọtí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìtà á ti fi hàn pé òun ka ẹni tó ń bọ̀ sí. Kàkà kí ènìyàn gbé ọtí ọmọdé tàbí ọtí ọjà síwájú àlejò ńlá nílùú wa, ó sàn kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn nígbà náà, òpin oṣù ló ń wálé, nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù pé mo fẹ́ bá ìjọba jà, ó ní, "Àánú ìjọba ló ń ṣe mí." Mo gun ọ̀kadà kiri ilé àwọn apọntí, láti àdúgbò dé àdúgbò, mo sì kọjá sí Ìrèsì, níbi tí wọ́n ti bí mi. Àwọn kan bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan ní àwọn ò pọntí rí láyé àwọn, tí òórùn àgbàdo híhù sì gba gbogbo ojúde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìrèsì sọ fún mi pé ẹnu mi yóò mú mi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní tó bá mú mi débẹ̀, n ó kí wọn, n ó sì tún sọ ọ́ níbẹ̀.

Wọ́n pè mí sórí rédíò lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kan tẹ̀ wá láago, ó ń pariwo pé mo fẹ́ sọ gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ di ọ̀mùtí. Mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mu kẹ́ ẹ tó pè wá?" Ẹ̀rín pa olóòtú ètò náà débi pé orin ló yára fi sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá lọ́jà, àwọn ènìyàn á ní, "Kí lẹ mu?" Inú mi dùn sí i, n kò ní í parọ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹni ṣe yẹ̀yẹ́ ti gbọ́ ọ ná.

Ẹni tó kọ́kọ́ dúró tì wá nílé lóko, ẹni tí kò mutí rí ni. Alhaji kan ni wọ́n, wọ́n ń ránṣọ lójú ọ̀nà ọjà. Àwọn ni wọ́n ní kí á máa wá ṣèpàdé ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wá sílé. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Alhaji, ẹ ò bẹ̀rù kí wọ́n ní ẹ ti ń bá wa mu?"

"Ìyàwó, ẹni tó bá rí mi kó wá sọ," ni wọ́n dáhùn, abẹ́rẹ́ wà létè wọn. "Haramu ni ọtí fún mi. Haramu náà ni àbòsí. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí mi ni wọ́n ti ń ta ọtí ọ̀rá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìnkùlé yín ni wọ́n wá tì mọ́ta. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ ṣòfin, kí wọ́n ṣe é kó kárí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó sáàárín aṣọ tí wọn ò tíì rán tán, tí ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń dá wa lóhùn. Alhaji ní kí á má kàn máa ké, kí á mọ ohun tí a ń béèrè. Wọ́n bá wa gbé ọtí àgbà díẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣì pọn pamọ́ lọ fún ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga àwọn olùkọ́, ó wọ̀n ọ́n fún wa. Kò tó mẹ́rin. A wá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí àwọn aṣòfin gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọtí, a ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n kúrò ní méjì sí mẹ́rin, ká lè máa ta ọtí àgbà wa ní gbangba. Ohun tí a béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn yóò wá sí Ìlá fúnra àwọn, alága ìgbìmọ̀ náà ni yóò ṣáájú, àwọn yóò gbọ́ tẹnu wa, àwọn yóò sì wọn ọtí náà lójú wa. Wọ́n yọ̀ǹda kí apọntí kọ̀ọ̀kan pọn ìkòkò kan ṣoṣo fún àyẹ̀wò, lójúde ilé rẹ̀. Ilé ìpọntí wa ò ní í ṣí. A yá ìkòkò lọ́dọ̀ àwọn alágbo. Màmá náà gbà láti dáná, wọ́n ní èyí tí a bá pọn ní gbangba kì í ṣe ti olè.

Mo lọ bá àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọtí àgbà ni kí gbogbo wa gbé wá, pé kí wọ́n ka ọjọ́ dáadáa, kí ọtí má lọ sùn kọjá ibi tí a ń fẹ́. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Ẹnìkan ṣoṣo tí n kò sọ fún ni Màmá. Ta ni ìyàwó tí yóò dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, olórí apọntí, tí yóò máa kọ́ wọn ní irú ọtí tí wọn yóò pọn? Mo ti sọ ọ́ létí wọn fún àwọn yòókù, mo sì rò pé ìyẹn ti tó.

Màmá ti dáná ṣáájú ọjọ́ tí mo dá. Mo rí i, ṣùgbọ́n eré àga àti kánópì ni mò ń sá, n kò ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó wá kí wọn ló rí i tí wọ́n béèrè ìdí tí iná fi yá. "Ta ló ń bọ̀?" ni Màmá bi wọ́n. "Ṣé kì í ṣe alága láti Òṣogbo ni?" Màmá ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí olórí bá ń tọ́jú ọtí àlejò fún alága, ta ni yóò gbé ọtí ọjà wá? Gbogbo wọn lọ sílé, wọ́n fi ti àwọn náà sílẹ̀ kó sùn sí i.

Ọjọ́ náà pé. Alága dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ọkùnrin tó mọ ènìyàn í kí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Mo sọ̀rọ̀, mo rò pé mo sọ ọ́ dáadáa; mo ní ọtí tí à ń tà kò le, mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Àwọn obìnrin wá ń ṣí ìkòkò. Òórùn tó kọ́kọ́ lù mí nímú ni mo fi mọ̀. Mo wo ìkòkò kejì, mo wo ẹ̀kẹta, gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí èyí tó ń hó. Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí mi tìdùnnú-tìdùnnú, ojú wọn ń dán, torí pé ohun tó dára jù lọ nílé wọn ni wọ́n gbé wá.

Wọ́n ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ agbára ọtí bọ ìkòkò Màmá, ó fò kọjá mẹ́fà. Wọ́n tún ki ẹ̀rọ náà bọ tẹni tó tẹ̀ lé wọn, bákan náà ni. Kò sí èyí tó sún mọ́ mẹ́rin nínú gbogbo rẹ̀. Alága wò mí, kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó gba igbá lọ́wọ́ Màmá, ó mu ún torí àpọ́nlé, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Awakọ̀ wọn tí ẹnì kankan kò ṣọ́ ti fi tirẹ̀ la igbá méjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n bá a nínú ọkọ̀ tó ń hanrun, orí rẹ̀ wà lórí fèrè. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí ẹni bá wọn wakọ̀ padà.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣe wá lálejò," ni alága wí kó tó wọkọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ọtí yín kò le. A ti tọ́ ọ wò."

Nígbà tí a délé, mò ń fọ igbá bíi pé igbá ló ṣẹ̀ mí. N kò lè bá Màmá jà, mo wá ń bá omi jà. Wọ́n wò mí títí.

"Ìyàwó mi, sọ ọ́ jáde kó má baà sọ ẹ́ di odi," ni wọ́n wí.

"Màmá, ọtí àgbà ni mo ní kí wọ́n gbé wá."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí ò ń sọ ọ́ fún wọn."

"Ẹ gbọ́ ọ, Màmá?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé àìmọ̀ ló ń ṣe ẹ́, pé ará Ìrèsì ni ọ́, mo sì bò ẹ́ láṣìírí." Wọ́n dìde, wọ́n di ìró wọn. "Èmi ni n ó gba ènìyàn ńlá lálejò pẹ̀lú ọtí tí à ń bù fún ẹni tó mú kọ́bọ̀ wá? Kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn náà mọ́."

Wọ́n wọlé lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn igbá, mo sunkún, ìbínú ló fa ẹkún náà jù. Nígbà tí mo sunkún tán, mo ronú sí i, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó hùwà òmùgọ̀ nínú wọn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún àlejò ni, àpọ́nlé náà ló sì dá wa lẹ́bi. Èmi ni n ó wá ọ̀nà tí yóò fi yé ẹni tó wà l'Óṣogbo.

Mo gbéra lọ sí Òṣogbo. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà ní alága kò sí ńlé. Mo padà lọ. Wọ́n ní ó wà nípàdé. Mo tún padà lọ, mo gbé oúnjẹ dání, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo ń jẹ oúnjẹ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Akọ̀wé rẹ̀ bi mí pé nígbà wo ni n ó lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò rò pé mò ń lọ." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí mo ti ń bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún mi ọ̀nà tí alága yóò gbà jáde.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó dá mi mọ̀. "Màmá, awakọ̀ mi kò tíì bọ̀ sípò," ló fi ṣe àwàdà.

Mo ní, "Alága, ohun tí ẹ mu lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọjà. Tí ẹ bá gbé owó wá sí Ìlá, kò sí ilé tí wọn yóò ti tà á fún yín. Ẹ̀yin ni wọ́n pọn ọ́n fún. Nítorí pé ẹ jẹ́ ènìyàn ni wọ́n ṣe fún yín ní èyí tó le."

Ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Mo bá a ṣàlàyé ọtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ gbé èyí tí ẹ ń tà wá síbí. Lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá tún kọjá mẹ́rin, ẹ má wá sórí bẹ́ǹṣì mi mọ́."

Ó wá ku ẹnìkan tó ṣòroó sọ fún ju alága lọ. Mo kúnlẹ̀ fún Màmá láàárọ̀, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ tẹ́lẹ̀: pé ọtí àgbà ni a ó gbé lọ, pé tí olórí kò bá gbé e, àwọn yòókù kò ní í gbé e. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, tí mo bá kí wọn wọ́n á jẹ́, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn páànù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo lọ fẹjọ́ sun Alhaji. Wọ́n gbé fìlà wọn, wọ́n tẹ̀ lé mi wálé, wọ́n jókòó lábẹ́ igi ọsàn.

"Màmá," ni Alhaji wí, "tí ọba bá ní kí n rán aṣọ fún òun, tí mo sì wá torí ọ̀wọ̀ wọ̀n ọ́n fẹ̀ ju ara ọba lọ, ṣé mo bu ọlá fún un?"

Màmá rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti tilẹ̀kùn. "Alhaji, ẹnu yín mú ju abẹ́rẹ́ yín lọ." Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "N ó pọn ọ́n. N ó bá yín gbé e lọ. Tí ìtìjú bá wà níbẹ̀, ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ bá, ìyàwó mi. Èmi ni olórí."

A gbéra lọ sí Òṣogbo pẹ̀lú rọ́bà méjì tí a fi aṣọ tútù wé kí ọtí má baà sùn lójú ọ̀nà. Màmá gbé ọ̀kan lé itan wọn láti Ìlá dé Òṣogbo, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé e. Yàrá ńlá kan ni wọ́n mú wa wọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká. Alága dìde kí wọn, ó ní kí wọ́n jókòó. Màmá kò jókòó. Mo ti da ọtí sínú ife, mo fẹ́ gbé e fún ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n, ni mo rí i tí wọ́n di etí tábìlì mú, tí wọ́n rọra ń kúnlẹ̀.

Ẹni ọdún wọn kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ ènìyàn mọ́ ní Ìlá, àfi ọba. Ọmọ ọmọ wọn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó àwọn mìíràn nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Gbogbo yàrá náà bú sí, "Ẹ dìde, Ìyá! Ẹ dìde o!" Àga ń ṣubú. Wọn ò dìde.

"Ẹ foríjì mí," ni wọ́n wí. "Ilé wa ni ẹ wá, mo gbé ohun tó yẹ yín fún yín. Ilé yín ni mo wá lónìí, ọjà ni mo gbé bọ̀. N kò gbé ọjà síwájú àlejò rí láyé mi, ìyá mi kò gbé e rí. Kì í ṣe pé mo rí yín fín. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí à ń tà, òun nìyí. Ẹ wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n."

Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú wọn, táì rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má pa wá. Ẹ ti rí ìdáríjì gbà." Èmi àti akọ̀wé rẹ̀ la gbé Màmá dìde. Ìtìjú bo èmi gan-an, inú sì ń bí mi, n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo kàn fún ọwọ́ wọn mọ́ra.

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò dé mẹ́rin. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì láti inú rọ́bà kejì, kò dé ibẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó pariwo. Alága bu mu, ó ní, "Òun lẹ ń tà?" Mo ní, "Òun là ń tà."

Àwọn aṣòfin kò tètè ṣe é, mo sì tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé ìwọ̀n náà sí mẹ́rin. Alhaji ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n sáré wá sílé wa tàwọn ti téèpù ìwọnra lọ́rùn, wọ́n gbàgbé pé oníbàárà dúró ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣí àgádágodo, gbogbo àwọn apọntí ló pé sójúde wa. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Kí lẹ mu?" A gbá ilẹ̀, a fọ àwọn ìkòkò, a to igi sí ààrò. Mo wá wo àga Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń darí wa, kò sẹ́ni níbẹ̀. Orí ẹní ni mo ti rí wọn, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, láàárín àwọn ìyàwó kéékèèké tó ń ṣa àgbàdo.

Mo ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ níbí. Iná ń dúró dè yín."

"Ìwọ jókòó síbẹ̀."

"Àga yín ni, Màmá."

"Tèmi ni tẹ́lẹ̀." Ohùn wọn kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn obìnrin ló gbọ́ ọ. "Ẹni tó ti gbé ọjà fún àlejò lójú gbogbo ayé kò tún lè jókòó síbẹ̀ kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń pọntí. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá tún ti ilẹ̀kùn lọ́la, n ó tún kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi lélẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo mú wa jà. Máa darí wọn."

Mo bẹ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń ṣa àgbàdo wọn lọ bíi pé ẹlòmíràn la ń bá wí. N bá tún gbéra lọ sí Òṣogbo láti lọ jà fún èyí náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá a padà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, mo jókòó sórí àga náà. Omijé ń bọ́ lójú mi, n kò nù ún.

Màmá gbójú sókè. Wọ́n bi mí lójú gbogbo wọn pé, "Olórí, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní, "Ẹ bá wa fẹ́ iná, Màmá."

Wọ́n dáhùn pé, "Ó dáa, mà." Wọ́n dìde lórí ẹní, wọ́n sì lóṣòó ti ààrò, wọ́n ń fẹ́ iná.